Ẹ jẹ́ kí aláse náà tọpinpin: èsì mi sí ọ̀gbẹ́ni Òṣogbo

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ka lẹ́tà ọ̀gbẹ́ni kan láti Òṣogbo nínú ìwé ìròyìn yín ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ó ní ìwé ìtàn tí wọ́n ti ń wá apànìyàn láàárín kéèkì àti bísíkíìtì, pàápàá èyí tí wọ́n ń gbé jáde nítorí ọjọ́ Fálẹ́ńtáìnì, kò ju ìranù lọ, pé ẹni tí wọ́n pa èèyàn sí àdúgbò rẹ̀ kò ní ráyè dáná. Inú ṣọ́ọ̀bù ni mo wà nígbà tí mo kà á, ìyẹ̀fun dé mi ní ìgúnpá, mo sì rẹ́rìn-ín. Ó dà bíi pé bàbá yìí kì í wọ ilé ìdáná àfi tí ebi bá ń pa wọ́n.

Ọdún kejìlélógún rèé tí mo ti ń ṣe kéèkì ní Òkè-Àdó níbí. Ọmọbìnrin mi tó wà ní Houston ló kọ́kọ́ fi irú ìwé bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, ó tẹ̀ ẹ́ sáàárín aṣọ nínú báàgì ẹnìkan tó ń bọ̀ wálé. Ìwé Joanne Fluke ni. Láti ọdún 2000 ni obìnrin Amẹ́ríkà náà ti ń kọ ìtàn Hannah Swensen, oníbísíkíìtì kan ní ìlú kékeré tí wọ́n ń pè ní Lake Eden, ní Minnesota. Ẹ má wulẹ̀ wá ìlú náà lórí máàpù, inú orí òǹkọ̀wé ló wà. Nínú èyí àkọ́kọ́, ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù Hannah gan-an ni wọ́n ti bá òkú ẹni tó ń gbé mílíìkì kiri. Oníbísíkíìtì ń po ìyẹ̀fun, ó ń yan bísíkíìtì, ó ń gbọ́ òfófó lẹ́nu oníbàárà, ó sì ń to ọ̀rọ̀ pọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ títí àṣírí fi tú. Ọlọ́pàá kò ṣàì sí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló ń sọ tinú rẹ̀ fún ọlọ́pàá? Ẹni tó ń bu oúnjẹ fún wa là ń rojọ́ fún.

Irú ìwé yìí ní òfin tirẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ kì í ṣàn lójú ewé, ìlẹ̀kùn yàrá kì í ṣí sílẹ̀ lóru, ẹni tó ń tọpinpin kì í ṣe ọlọ́pàá, ìlú náà á sì kéré débi pé kálukú mọ gbèsè tó wà lọ́rùn ẹnìkejì. Lẹ́yìn náà ni wọn á wá tẹ ìlànà sísè oúnjẹ inú ìtàn náà sínú ìwé fún ẹni tó bá fẹ́ dán an wò.

Dídán an wò yẹn ni mo fi jìyà. Nínú ọ̀kan báyìí, wọ́n ní kí n lo “stick” bọ́tà méjì. Mo bá fi ọgbọ́n orí mi gbà pé páálí kan ni stick kan, mo da páálí méjì sí i, gíráàmù 250 nínú ìkọ̀ọ̀kan. Àṣé gíráàmù 113 péré ni stick kan lọ́dọ̀ àwọn ará Amẹ́ríkà! Bísíkíìtì náà ya bo ààrò gáàsì mi bí ìkún-omi Ògùnpa ọdún 1980, kí Ọlọ́run má jẹ́ ká rí irú rẹ̀ mọ́. Ooru 350 tí wọ́n kọ síbẹ̀ náà, ti Fahrenheit ni. Ní ti Celsius tiwa, kò ju nǹkan bíi 177 lọ. Ẹ̀bi mi ni, n kò bá ẹnikẹ́ni jà.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lójú tèmi. Alẹ́ ọjọ́ 13 oṣù Fẹ́búárì ni, lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn. Ẹ mọ bí Ìbàdàn ṣe ń gbóná lásìkò náà. Iná ti lọ, jẹnẹrétọ̀ ń wúkọ́, áísìn ń yọ́ lọ́wọ́ wa. A kó kéèkì pupa mẹ́sàn-án tí a gé bí àwòrán ọkàn sínú fíríìjì. Ọ̀kan jẹ́ ti alàgbà kan tó ní kí n kọ orúkọ ìyàwó òun sí i. (Ìyàwó ilé ni o. Mo béèrè kí n tó kọ ọ́.) Nígbà tí mo ṣí fíríìjì láàárọ̀, kò sí ohun tó ṣe é lójú ẹni tí kò mọ iṣẹ́. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe gbé e, ó fúyẹ́. Mo gbé e sórí òṣùwọ̀n: kéèkì tó tó kílò méjì lánàá kò fi bẹ́ẹ̀ ju kílò kan ààbọ̀ lọ mọ́. Ẹnìkan ti bẹ́ ẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ti sún ìyókù pọ̀, ó sì ti fi áísìn bò ó mọ́lẹ̀.

Èmi, baálé mi àti ọmọ iṣẹ́ mẹ́ta la sùn sílé lọ́jọ́ náà. Àwọ̀ pupa kò lè tú olè fó, torí èmi àti àwọn ọmọ iṣẹ́ la ti ń po ó láti àárọ̀. Ọwọ́ baálé mi nìkan ló mọ́, ìyẹn gan-an ló sì mú mi kọ́kọ́ fura sí wọn. Ìgbà tí mo tẹjú mọ́ àwọn òdòdó áísìn etí kéèkì náà lọ̀rọ̀ yí padà. Ní ṣọ́ọ̀bù mi, apá kan náà ni àwa tó ń fi ọwọ́ ọ̀tún tẹ òdòdó ń yí i sí. Òdòdó mẹ́rin níbẹ̀ yí sí òdìkejì. Ọmọ iṣẹ́ kan ṣoṣo ló ń lo ọwọ́ òsì nínú wọn.

N kò pariwo. Mo ní kó wá tẹ òdòdó kan sínú àwo fún mi. Ó gbé àpò áísìn, ó wo àwo, ó wò mí, omijé bọ́. Ó ti fi kéèkì náà ránṣẹ́ sí ọmọkùnrin kan tó ń kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì ní Mọ́níyà, torí kò ní kọ́bọ̀ tó lè fi ra nǹkan fún un. Inú bí mi gidigidi. Wákàtí mẹ́ta gbáko ni mo fi ṣe òmíràn kí alàgbà tó dé. Ó di alẹ́ kí n tó rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀yin ọ̀gbẹ́ni Òṣogbo, sájẹ́ńtì wo ni ì bá rí òdòdó mẹ́rin yẹn?

Kì í ṣe pé a kò ní ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́. Olóògbé Ọládẹ̀jọ Òkédìjí ti fún wa ní Lápàdé, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ inú ìwé rẹ̀, láti ọdún 1969, Kọ́lá Akínlàdé náà sì ṣe gudugudu méje. Mo kà wọ́n nílé-ìwé, ẹ̀rù bà mí dáadáa. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe rántí wọn, ọkùnrin ló ń lé ọkùnrin kiri. Oúnjẹ kàn ń dé ni, wọ́n á jẹ ẹ́, wọ́n á nuwọ́. Ta ló sè é? Kí ló wà nínú ọbẹ̀?

Ẹ wo àgbáyun nìkan. Ẹni tó bá ti jẹ ẹ́, tó bá wá fi ẹnu kan ọsàn wẹ́wẹ́, oyin ni yóò pè é, ó sì máa ń pẹ́ kí ahọ́n rẹ̀ tó padà sípò. Ó dáa. Alẹ́ ọjọ́ olólùfẹ́ ni, ọkọ wọlé pẹ́, ó ní ibi iṣẹ́ lòun ti ń bọ̀ tààrà. Ìyàwó gbé ẹja yíyan síwájú rẹ̀, ó fún ọsàn wẹ́wẹ́ lé e lórí. Ọkọ jẹ ẹ́, ó ní, “Kí ló dé tí o fi ṣúgà sẹ́ja?” Aláse tó wá gbé abọ́ gbọ́. Igi àgbáyun kan ṣoṣo ló wà ládùúgbò náà, aláse sì mọ obìnrin tó ni ọgbà tí igi náà wà. Ṣé ó tún kù ká yìnbọn kí àṣírí tó tú?

Agatha Christie, òǹkọ̀wé ìtàn apànìyàn ará Gẹ̀ẹ́sì tó mọ májèlé bí ẹní mowó, ibi tí wọ́n ti ń po oògùn nílé ìwòsàn ní Torquay nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ti kọ́ ọ nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, kí ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́ tó jáde lọ́dún 1920. Ohun tí ọwọ́ rẹ̀ mọ̀ ló kọ. Kí ló wá dé tí aláse kò ní kọ tirẹ̀?

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún nìyí, Olóòtú: ẹ fún irú ìtàn bẹ́ẹ̀ láàyè lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, bẹ̀rẹ̀ láti oṣù Jánúárì, kí àṣírí rẹ̀ tú lọ́sẹ̀ Fálẹ́ńtáìnì, kí ẹ sì tẹ ìlànà sísè oúnjẹ rẹ̀ sí i ní kóńgò àti agolo mílíìkì. Kì í ṣe àṣà tuntun. Lọ́dún 1929 ni Akéde Èkó, ìwé ìròyìn Isaac Thomas, bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ lẹ́tà obìnrin kan tó pe ara rẹ̀ ní Sẹ̀gilọlá. Ọ̀pọ̀ òǹkàwé gbà pé obìnrin náà wà láyé, bẹ́ẹ̀ Thomas fúnra rẹ̀ ló ń kọ ọ́. Ẹ má fi irú ojú yẹn wo èmi o. Èmi wà, kéèkì mi náà sì wà.

Mo ti fi orí kìíní sínú àpòòwé yìí. Ẹ má bínú sí òróró tó kán sójú ewé kẹta, ẹ̀gbẹ́ ààrò ni tábìlì mi wà.

Èmi ni tiyín,
Ìyá Oníkéèkì,
Òkè-Àdó, Ìbàdàn.