Àkójọ Àpilẹ̀kọ Sáyẹ́ǹsì Ti Oṣù Yìí

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi ní Àkúrẹ́ àti Oǹdó.

Àkójọ wa ti oṣù yìí ti kàn, ọ̀rọ̀ kòkó la sì fẹ́ gbájú mọ́. Òjò ti dé. Nínú oko bàbá mi lọ́nà Ìdànrè, àmì dúdú tí kò ju orí ìka lọ ti bo odindi èso kòkó kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé. Phytophthora, kòkòrò àìfojúrí kan tó ń mú kí èso kòkó jẹrà, ló ń fà á, kì í ṣe ọwọ́ ayé. Ó yẹ kí àgbẹ̀ gbọ́ ọ lẹ́nu wa.

Ẹ fi àpilẹ̀kọ yín ránṣẹ́ sí mi kó tó di alẹ́ Ọjọ́bọ̀, kó má ju ọ̀rọ̀ 600 lọ. Bí ẹ bá fi iṣẹ́ ẹlòmíràn kún un, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ orúkọ ẹni tó ni ín.

Ta ni yóò bá mi ṣe olótùú? Ẹ dá mi lóhùn lónìí.

Akọ̀wé