Kẹ́ ẹ tó ra ọ̀bẹ iná tuntun, ẹ wo páàdì itan aláìsàn

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Mo kí yín, mo sì kí gbogbo àwọn tẹ́ ẹ jọ ń gbé ìwé ìròyìn yìí jáde. Mo ka àkọsílẹ̀ yín lórí àwọn irinṣẹ́ iṣẹ́ abẹ ìgbàlódé, àwọn tó pa ooru àti iná mànàmáná pọ̀ láti gé ẹran ara, tí wọ́n sì ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró lẹ́ẹ̀kan náà. Ó dùn mọ́ mi nínú, nítorí ọ̀pọ̀ èèyàn ló ti gba irú iṣẹ́ abẹ bẹ́ẹ̀ láìmọ̀ pé iná gba inú ara wọn kọjá. Àmọ́ ẹnu irinṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ dókítà ni ẹ kó gbogbo ìyìn fún. Ẹ ò sọ gbólóhùn kan nípa ibi tí iná náà ń gbà jáde. Nọ́ọ̀sì yàrá iṣẹ́ abẹ ni mí. Èmi ni mo máa ń lẹ páàdì, ìyẹn ohun fífẹ̀ tó ń lẹ̀ mọ́ awọ tí iná ń gbà jáde, mọ́ itan aláìsàn kí dókítà tó tẹ bọ́tìnnì, torí náà ọ̀rọ̀ yìí ká mi lára.

Ẹ jẹ́ ká ti orí iná fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Iná tó ń wá láti ara ògiri máa ń lọ síwá sẹ́yìn ní ìgbà 50 tàbí 60 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ó bá wọ ara èèyàn bẹ́ẹ̀, gbogbo iṣan á máa fà, ọkàn sì lè dáṣẹ́ sílẹ̀. Ẹ̀rọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì iṣẹ́ abẹ ló ń sọ ọ́ di iná tó ń lọ síwá sẹ́yìn ní nǹkan bí ìgbà 300,000 sí 500,000 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan náà. Àwọn ẹ̀rọ mìíràn tiẹ̀ ń yára ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ọdún 1891, Arsène d'Arsonval, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ará Faransé, fi hàn pé bí ìyára náà bá ti kọjá 10,000, iṣan kì í fà mọ́. Ooru ló kù tí ara ń mọ̀ lára. Ooru yẹn ni gbogbo iṣẹ́ wa dúró lé.

Irin tí àwọn oníṣègùn àtijọ́ máa ń ki bọ iná títí táá fi pọ́n, tí wọ́n á wá fi jó ojú ọgbẹ́, tiẹ̀ yàtọ̀. Láti ara irin ni ooru ti ń bọ̀ sára ẹran. Nínú diathermy, ìyẹn iṣẹ́ abẹ oníná mànàmáná tí mò ń sọ yìí, ẹran ara fúnra rẹ̀ ló ń gbóná, nítorí kì í jẹ́ kí iná ráyè kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́. Ẹnu irinṣẹ́ lè má tíì gbóná rárá nígbà tí ẹran tó wà níwájú rẹ̀ ti ń hó. Àwọn irinṣẹ́ tuntun tí ẹ kọ nípa wọn lo ọ̀nà méjèèjì pọ̀. Ìyẹn ni wọ́n ṣe ń béèrè ìṣọ́ra oríṣi méjì: ká ṣọ́ ọ̀nà tí iná ń gbà padà, ká sì ṣọ́ ooru tó kù lẹ́yìn tí iná ti kú.

Bí ẹran bá gbóná dé ìwọ̀n 60 lórí òṣùwọ̀n Celsius, pùrótéènì inú rẹ̀ á dì, ẹ̀jẹ̀ á sì dá. Ní 100, omi inú rẹ̀ á hó, ẹran á là. Tó bá kọjá 200, èédú ló kù. Bọ́tìnnì aláwọ̀ ìyeyè ni ti gígé, iná rẹ̀ ń ṣàn láìdáwọ́ dúró. Aláwọ̀ búlúù ni ti dídá ẹ̀jẹ̀ dúró, iná rẹ̀ ń wá ó ń lọ, ṣùgbọ́n fólítéèjì rẹ̀, ìyẹn agbára tó ń ti iná náà, ga ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń lò ó. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 1926, ní ilé ìwòsàn Peter Bent Brigham ní Boston, ní Amẹ́ríkà, Harvey Cushing, àgbà oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ, fi ẹ̀rọ tí William Bovie ṣe yọ kókó kan kúrò ní agbárí aláìsàn kan. Ó ti dáwọ́ lé e ní ọjọ́ díẹ̀ ṣáájú, ẹ̀jẹ̀ ò jẹ́ kó parí rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, ó yọ ọ́. Orúkọ Bovie ni ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ abẹ ní Amẹ́ríkà ṣì fi ń pe irinṣẹ́ náà títí dòní. Àìmọye èèyàn ló wà láàyè nítorí ohun tí àwọn méjèèjì ṣe, mi ò sì fẹ́ kẹ́nikẹ́ni ka lẹ́tà mi kó wá máa sá fún iná nínú iṣẹ́ abẹ.

Àmọ́ iná kì í wọlé kó má jáde. Láti inú ẹ̀rọ ló ti wá, inú ẹ̀rọ náà ló gbọ́dọ̀ padà sí. Ó ń gba ẹnu irinṣẹ́ wọ ara, á gba inú ara kọjá, á sì gba páàdì jáde, iye tó wọlé náà ló sì ń jáde. Kí ló wá dé tí ẹnu irinṣẹ́ fi ń jó ẹran, tí páàdì kì í jó awọ? Bí ẹnì kan bá fi gbogbo àtẹ́lẹsẹ̀ tẹ̀ yín mọ́lẹ̀, ẹ ó fara dà á. Bí ẹni náà bá fi gìgísẹ̀ bàtà ṣóńṣó tẹ̀ yín, ẹ ó pariwo, bẹ́ẹ̀ ìwúwo rẹ̀ ò yí padà. Ẹnu irinṣẹ́ kéré, páàdì fẹ̀. Bí ìdajì páàdì bá wá ṣí kúrò lára, gbogbo iná náà á kó jọ sí ìdajì tó kù. Iná tó ń gba ojú ibẹ̀ á di ìlọ́po méjì, ooru rẹ̀ á di ìlọ́po mẹ́rin. Aláìsàn sì ti sùn. Kò lè sọ fún wa pé nǹkan ń jó òun.

Nítorí náà, mi ò kì í kánjú lórí páàdì. Ibi tí ẹran pọ̀ sí, tó sì súnmọ́ ibi tí wọ́n fẹ́ gé, ni mo máa ń wá: itan, ìdí, nígbà mìíràn òkè apá. Mi ò jẹ́ fi sórí egungun tó yọ síta, bẹ́ẹ̀ ni mi ò jẹ́ fi sójú àpá, torí ẹ̀jẹ̀ tó yẹ kó máa gbé ooru lọ kì í ṣàn dáadáa lábẹ́ àpá. Bí irun bá pọ̀ níbẹ̀, màá gé e. Màá fi aṣọ gbígbẹ nu awọ títí ìpara àti òógùn á fi kúrò. Màá wo ara àpò páàdì bóyá ọjọ́ lílò rẹ̀ ti kọjá, màá bó ọ̀rá ẹ̀yìn rẹ̀, màá lẹ etí rẹ̀ kan mọ́ ara, lẹ́yìn náà màá máa fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́ lọ díẹ̀díẹ̀ dé etí kejì kí afẹ́fẹ́ má baà há sábẹ́ rẹ̀. Bí mo bá ti lẹ̀ ẹ́ tán tí ipò aláìsàn wá yí padà, màá tún lọ wò ó. Bó bá ṣí, tuntun ni màá mú. Èyí tó ti ṣí kì í lẹ̀ bíi ti àkọ́kọ́ mọ́. Ẹ má sì gbà kí ẹnikẹ́ni fi àlùmọ́gàjí gé páàdì àgbàlagbà kó lè ba ọmọdé mu. Ti ọmọdé wà lọ́tọ̀.

Gbólóhùn kan wà tó máa ń lé mi dìde lórí ìjókòó: "Ẹ fi kún un." Dókítà ń gé, iná kò mú bó ṣe yẹ, ló bá ní kí n gbé nọ́ńbà ẹ̀rọ sókè. Irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ nígbà tí à ń ṣiṣẹ́ abẹ ikùn fún ìyá kan. Ọ̀gá dókítà ní kí n fi kún un. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ kí n wo páàdì ná." Inú rẹ̀ ò dùn, ṣùgbọ́n ó dá irinṣẹ́ padà sínú àpò rẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo gbé aṣọ tó bo itan ìyá náà: omi tí wọ́n fi ń fọ inú ikùn ti ṣàn wálẹ̀, ó ti rin abẹ́ páàdì gbingbin, etí kan sì ti ká kúrò lára. Mo yọ ọ́, mo lẹ tuntun mọ́ itan kejì tó gbẹ. Nọ́ńbà tí a ti ń lò láti ìbẹ̀rẹ̀ náà ló tó wa títí iṣẹ́ fi parí, awọ ìyá náà ò sì pọ́n rárá. Ẹ wo ohun tí ì bá ṣẹlẹ̀ ká ní ńṣe la kàn ń fi kún un ṣáá.

Àwọn ẹ̀rọ kan wà tí páàdì wọn pín sí apá méjì, tí ẹ̀rọ á máa fi wọ̀n bó ṣe lẹ̀ mọ́ ara sí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bó bá ti ń ṣí, ẹ̀rọ á han, iná á sì kú fúnra rẹ̀. Ó ti wà láti àwọn ọdún 1980. Èyí tí à ń lò lọ́jọ́ yẹn kò ní in. Èrò mi rèé, mo sì fẹ́ kí àwọn tó ń bu owó fún ilé ìwòsàn kà á: bí ẹ̀rọ yín kò bá lè ṣọ́ páàdì, ẹ ra èyí tó lè ṣọ́ ọ kẹ́ ẹ tó ra ẹnu irinṣẹ́ olówó ńlá kankan.

Ẹ̀mú ẹlẹ́nu méjì ò nílò páàdì ní tiẹ̀. Iná ń gba ẹnu kan jáde, ó ń gba ẹnu kejì padà, ẹran tó há sáàárín wọn nìkan ló sì ń gbóná. Àwọn mìíràn á fún iṣan ẹ̀jẹ̀ pinpin, wọ́n á fi ooru lẹ ògiri rẹ̀ méjèèjì pọ̀, títí dé iṣan tó fẹ̀ tó mìlímítà 7. Mo ti rí i lójú mi, ó wú mi lórí. Àwọn kan tún ń fi ìgbọ̀nrìrì kún un, ẹnu wọn á máa gbọ̀n ní ohun tó tó 55,500 ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ìgbọ̀nrìrì yẹn á sì máa gé ẹran. Àkọsílẹ̀ yín sọ pé irú wọn kì í jó ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Wọ́n dín in kù ni. Ooru ṣì ń tàn dé mìlímítà díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, mìlímítà díẹ̀ sì pọ̀ bó bá jẹ́ pé ìfun ló wà níbẹ̀, tàbí ọ̀nà tí ìtọ̀ ń gbà láti inú kíndìnrín. Ìfun tí ooru bá bà lè dà bíi pé kò ṣe nǹkan kan lọ́jọ́ náà, kó wá lu lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, nígbà tí aláìsàn ti padà sílé.

Ẹnu irinṣẹ́ tó ń gbọ̀n yẹn gan-an, ooru rẹ̀ máa ń ju 100 lọ, kì í sì tutù lójú ẹsẹ̀ tí ẹsẹ̀ bá kúrò lórí pẹ́dàlì. Bí dókítà bá fi ti ìfun sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kó lè ríran, ó ti jó o nìyẹn. Àwọn tí mo bá ń kọ́ níṣẹ́, mo máa ń sọ fún wọn pé kí wọ́n máa wo ojú irinṣẹ́, kí wọ́n má wo ìmọ́lẹ̀ ẹ̀rọ. Níbi iṣẹ́ abẹ onihò kékeré tí à ń fi kámẹ́rà ṣe, kí wọ́n tún máa yẹ rọ́bà tó bo ọ̀pá irinṣẹ́ wò kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Bó bá sán níbì kan tí kámẹ́rà ò rí, ibẹ̀ ni iná á gbà jáde.

Èéfín tó ń jáde nígbà tí ẹran bá ń jó ń kọ́? Benzene àti formaldehyde wà nínú rẹ̀, wọ́n sì ti rí àmì kòkòrò àrùn tó ń fa wọ́nwọ́n nínú rẹ̀ rí. Àwa la ń mí in símú lójoojúmọ́. Ẹ̀rọ tó ń fa èéfín wà, ó sì yẹ kí gbogbo yàrá iṣẹ́ abẹ ní in.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tẹ èyí sí ibi tí gbogbo èèyàn á ti rí i: sípíríìtì tí a fi ń pa awọ gbọ́dọ̀ gbẹ kí ẹnikẹ́ni tó tan iná. Ó kéré tán, ìṣẹ́jú mẹ́ta lórí awọ tí kò nírun, ó sì máa ń pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ níbi tí irun wà. Èyí tó bá ṣàn jọ sínú ìdodo tàbí sábẹ́ ẹ̀yìn, ẹ nu ún. Bí iṣẹ́ náà bá wà ní ojú tàbí ọrùn, tí ọ́síjìn sì ń tú jáde nítòsí, ẹ dín in kù dé ibi tí aláìsàn lè fara dà. Tiná bá pàdé sípíríìtì àti ọ́síjìn, aṣọ tó bo aláìsàn á gbiná kí ẹnikẹ́ni tó ráyè sọ̀rọ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bọ̀ wá gba iṣẹ́ abẹ, ẹ̀yin náà ní ipa tiyín. Ẹ bọ́ òrùka, yẹtí àti ẹ̀gbà sílé. Bí wọ́n bá ti fi irin to egungun yín rí, ẹ sọ ọ́, bó ti wù kó pẹ́ tó. Mo ti fẹ́ lẹ páàdì mọ́ itan bàbá kan rí, ni mo rí àpá gígùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan, mo sì bi í kó tó sùn. Irin ti wà níbẹ̀ láti ìgbà èwe rẹ̀, ó ti gbàgbé pé ó wà lára òun. Itan kejì la lò.

Àwọn tó ní ẹ̀rọ pacemaker láyà, ìyẹn ẹ̀rọ kékeré tó ń mú kí ọkàn máa lù déédéé, ni wọ́n máa ń bẹ̀rù jù. Àwọn dókítà lè ṣiṣẹ́ abẹ fún yín. Wọ́n lè lo ẹ̀mú ẹlẹ́nu méjì, tàbí kí wọ́n lẹ páàdì síbi tí ọ̀nà iná ò ti ní gba àyà kọjá, wọ́n sì lè tún ẹ̀rọ yín tò ṣáájú, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn rẹ̀. Ètò yẹn gba àkókò, ẹni tó mọ̀ nípa ẹ̀rọ náà sì gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n bá dá ọjọ́ iṣẹ́ abẹ fún yín ni kẹ́ ẹ ti sọ ọ́, kẹ́ ẹ sì mú káàdì ẹ̀rọ náà lọ́wọ́.

Èmi ni tiyín,
Nọ́ọ̀sì yàrá iṣẹ́ abẹ