Lẹ́tà sí Ìyá Ìbejì lórí owó ìfiránṣẹ́ ọjà

Kubwa,
Àbújá.

Ìyá Ìbejì mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí bàbá àwọn ọmọ, mo sì kí àwọn èjìrẹ́. Àlàáfíà ni gbogbo wa wà níhìn-ín, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ooru kì í jẹ́ kí a sùn lóru. Inú mi dùn nígbà tí mo kà á pé o ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ta gèlè àti ìlẹ̀kẹ̀ lórí eBay, ọjà orí íńtánẹ́ẹ̀tì yẹn, láti Houston ní Amẹ́ríkà. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn tí ẹnì kan fún ọ, pé kí o lu ọjà ní gbàǹjo láti orí dọ́là kan, kí o sì di èrè rẹ mọ́ inú owó ìfiránṣẹ́, kò tẹ́ mi lọ́rùn rárá.

Mo mọ ohun tó ń bà ọ́ lẹ́rù. Nínú gbàǹjo, orí iye ọjà nìkan ni àwọn olùrà ti ń bá ara wọn díje. Bí kò bá sí ẹni méjì tó ń du gèlè kan náà, dọ́là kan yẹn ni yóò bá a lọ. Owó ìfiránṣẹ́ ní tirẹ̀ kì í gòkè, kì í sọ̀. Iye tí ẹni tó ń tà bá kọ síbẹ̀ ni ẹni tó bá borí yóò san. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ olùtajà fi sọ ọ́ di ibi tí wọ́n ń fi èrè pamọ́ sí. Àǹfààní kan tún wà níbẹ̀ nígbà kan rí, nítorí pé ilé-iṣẹ́ eBay, tí Pierre Omidyar dá sílẹ̀ ní California ní 1995, máa ń gba owó tirẹ̀ lórí iye tí ọjà bá tà nìkan. Ẹni tó ta aṣọ ní dọ́là kan, tó sì gba 30 dọ́là fún ìfiránṣẹ́, orí dọ́là kan ṣoṣo ni wọ́n ti ń gba tiwọn lọ́wọ́ rẹ̀. Ní 2011 ni wọ́n dí ihò náà ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò tiwọn lórí owó ọjà àti owó ìfiránṣẹ́ pa pọ̀. Ọgbọ́n tí agbára ti tán nínú rẹ̀ ni wọ́n ń kọ́ ọ.

Èmi ti wà ní apá olùrà. Mo wá ilé bọ́bìnì maṣíìnì ìránṣọ mi títí ní ọjà Wuse, n kò rí i, mo wá rà á lọ́wọ́ ẹnì kan ní Amẹ́ríkà ní dọ́là méjì, pẹ̀lú 42 dọ́là fún ìfiránṣẹ́. Àpò ìwé tín-ín-rín kan ni ó dé. Wọn kò fi ohunkóhun wé irin náà, ó sì ti lu ìwé já lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Iye tí ilé ìfìwéránṣẹ́ gbà wà lára rẹ̀ gbangba, kò sì pé 20 dọ́là. Ohun tó dùn mí jù ni pé nínú gbogbo owó tó ṣẹ́ kù sí i lọ́wọ́, kò rí ti páálí kékeré kan yọ.

Wàhálà náà kò mọ síbẹ̀. Àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù wa ń ṣírò owó bodè lórí iye ọjà, adójútòfò àti owó ìkẹ́rù pa pọ̀, nítorí náà, lórí ẹrù tí owó bodè bá kàn, bí owó ìfiránṣẹ́ bá wú, owó bodè náà yóò wú. Bí olùrà bá sì yí ọkàn padà tó dá ọjà padà, owó ọjà ni wọ́n sábà máa ń dá padà fún un, kì í ṣe owó tí wọ́n fi kọ́kọ́ fi ránṣẹ́. Ẹni tó san 31 dọ́là yóò wá gba dọ́là kan! Ṣé ohun tí o fẹ́ kí wọ́n máa fi orúkọ rẹ mọ̀ nìyẹn?

N kò ní kí o gbé ìnáwó náà ru ara rẹ. Páálí, sẹ́lótéèpù àti epo mọ́tò kì í ṣe ọ̀fẹ́. Bí ẹnì kan bá fi ẹrù ránṣẹ́ sí wa láti gáréèjì Jabi, tó sì fi owó kẹ̀kẹ́ tó gbé e dé gáréèjì kún owó wébíìlì, kò sẹ́ni tó ń bínú. Ohun tí à ń bínú sí ni kí ó gba 6,000 náírà, kí awakọ̀ sì sọ pé 2,500 ni wọ́n fún òun.

Àwọn àgbà ní òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Ṣùgbọ́n láti 2007 ni eBay ti fún olùrà láàyè láti fi ìràwọ̀ díwọ̀n olùtajà, owó ìfiránṣẹ́ sì wà lára ohun tí wọ́n ń díwọ̀n. Jọ̀wọ́, iye tí o kò lè tà á kéré sí ni kí o fi bẹ̀rẹ̀ gbàǹjo rẹ, kí èrè rẹ wà níbẹ̀ ní ojúkorojú. Di gèlè kan sínú páálí, gbé e lé ìwọ̀n, béèrè iye rẹ̀ ní ilé ìfìwéránṣẹ́, kí o fi owó páálí lé e, kí o sì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Bí o bá ti mọ iye tí ó jẹ́ láti ibẹ̀ dé Àbújá, kọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi, nítorí pé àwọn oníbàárà mi méjì ti ń béèrè ìlẹ̀kẹ̀ rẹ.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́,
Ìyá Bọ́lá.