Ìjọ méjì, orúkọ kan: ta ló máa san owó ọ̀kadà mi?

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ bá mi bi àwọn tó ń dá ìjọ sílẹ̀ ní Òṣogbo yìí léèrè: ṣé orúkọ ti tán nílẹ̀ ni?

Aránṣọ ni mí ní Òkè-Baálẹ̀. Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, mo kó ẹ̀wù akọrin mẹ́rìnlélógún fún ọlọ́kadà pé kó bá mi gbé e lọ fún ìjọ tó ni ín, torí àjọ̀dún ẹgbẹ́ akọrin wọn ni ọjọ́ kejì, aago mẹ́sàn-án àárọ̀. Mo kọ orúkọ ìjọ sára báàgì gàdàgbà. Ọlọ́kadà padà wá, ó ní wọ́n ti gbà á, wọ́n sì dúpẹ́. Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, aago mẹ́jọ ààbọ̀, alága ẹgbẹ́ akọrin fi igbe pè mí: "Màámi, aṣọ wa dà?"

Àṣé ìjọ kejì ló gbé e fún. Ojú títì kan náà ni wọ́n wà, ilé mẹ́ta péré ló wà láàárín wọn. Orúkọ kan náà ni wọ́n ń jẹ́, àfi "Àgbáyé" tí èkejì fi kún tirẹ̀ nípàárí. Mi ò ní dárúkọ wọn, mi ò wá ẹjọ́. Nígbà tí mo fi débẹ̀, àwọn akọrin tiwọn ti wọ mẹ́fà nínú ẹ̀wù náà. Ìyá àgbà kan tiẹ̀ ń jó, ó ní ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn ti ń gbàdúrà aṣọ tuntun, Ọlọ́run ló rán olóore sí àwọn. Ẹ sọ fún mi bí n óò ṣe bọ́ ẹ̀rí lọ́rùn ìyá àgbà! Aago mọ́kànlá ti kọjá kí n tó rí mẹ́tàlélógún kó jọ. Owó ọ̀kadà àlọ àti àbọ̀, èmi ni mo san án.

Èyí tó wá dùn mí jù ni pé díákónì kan ní ìjọ kejì yẹn rẹ́rìn-ín sí mi, ó ní, "Màámi, ọ̀run là ń lọ, ọ̀rọ̀ orúkọ kọ́." Ọ̀rọ̀ orúkọ kọ́? Kí ló dé tí pásítọ̀ àwọn tó ni aṣọ fi dá ẹ̀wù àkọ́kọ́ padà fún mi lẹ́ẹ̀mẹta, pé gbogbo ọ̀rọ̀ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán tó wà nínú orúkọ ìjọ òun gbọ́dọ̀ hàn láyà? Ẹni tó ń fi ẹ̀rọ kọ orúkọ sáṣọ fún mi kọ ọ́ títí láti abíyá dé abíyá. Ọ̀rọ̀ tó gbẹ̀yìn, àfi tí akọrin bá gbọ́wọ́ sókè lẹ tó lè rí i kà.

Ní Òṣogbo níbí kẹ̀, ìlú tí ìtàn ní ohùn kan ti pariwo "Òṣó igbó" láti inú odò kó tó lórúkọ, ibẹ̀ ni díákónì ọmọ kékeré ti ń sọ fún mi pé orúkọ ò já mọ́ nǹkan.

Àwọn bàbá wa ò fi orúkọ ìjọ ṣeré. Ìjọ tí à ń pè ní CAC lónìí, ẹgbẹ́ àdúrà ni ní Ìjẹ̀bú-Òde lọ́dún 1918, nígbà àjàkálẹ̀ ọ̀fìnkìn. Wọ́n jẹ́ Faith Tabernacle nígbà tí wọ́n ń bá àwọn ará Amẹ́ríkà ṣe. Lẹ́yìn ìsọjí Wòlíì Joseph Ayọ̀ Babalọlá ní Òkè-Ooyè, Iléṣà, lọ́dún 1930, wọ́n bá àwọn òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì pọ̀, wọ́n ń jẹ́ The Apostolic Church. Ọ̀rọ̀ kùnínì wà lára ohun tó tú wọn ká: àwọn òyìnbó ń lo oògùn ibà, àwọn tiwa ní àdúrà tó. Ọdún 1943 ni wọ́n tó wá fi Christ Apostolic Church forúkọ sílẹ̀. Ìgbàkígbà tí orúkọ bá yí, ohun gidi kan ló yí. Lóde òní ńkọ́? Ẹni méjì á jà sí ọ̀rọ̀ àpò owó, tó bá fi máa di Sọ́ńdè kejì, pátákó tuntun ti dúró nílé kẹta, wọ́n ti fi "Àgbáyé" kún un. Àgbáyé tí kò tíì dé Ìgbọ̀nà!

Oníbàárà mi kan ní Ìjọ Kristi nìkan ló yẹ kí gbogbo wọn máa jẹ́, ó ṣí Róòmù 16:16 fún mi. Mo ní Pọ́ọ̀lù kan náà ló kọ̀wé sí ìjọ Ọlọ́run tó wà ní Kọ́ríńtì. Ẹ wo ibi tó parí ọ̀rọ̀ náà sí: ní Kọ́ríńtì. Ìjọ méje ni Jòhánù kọ̀wé sí nínú Ìfihàn, Éfésù, Símínà, Págámù, Tíátírà, Sádísì, Filadẹ́fíà, Laodíkíà. Orúkọ ìlú ni gbogbo rẹ̀. Mi ò sì gbọ́ pé lẹ́tà Éfésù ṣìnà lọ sí Símínà.

Àwọn tó ń gba owó pátákó ni mo tún ń bínú sí. Wọ́n á gbé téèpù wá, wọ́n á wọn gígùn, wọ́n á wọn fífẹ̀, wọ́n á fi ọ̀dà pupa kọ nọ́ńbà sí i, wọ́n á gbowó. Ohun tí wọ́n kọ sára pátákó ọ̀hún, wọn kì í kà á. Kí ni wọ́n ń gbowó fún?

Ohun tí mo rò rèé. Kí wọ́n pàṣẹ pé orúkọ àdúgbò ni kó tóbi jù lára pátákó ìjọ, kó sì wà lókè pátápátá: ÌJỌ ÒKÈ-BAÁLẸ̀, ÌJỌ ALẸ́KÚWODÒ. Tí wọ́n bá jẹ́ méjì ládùúgbò kan, kí èyí tó dé kẹ́yìn fi nǹkan tó wà nítòsí rẹ̀ kún un: LẸ́BÀÁ KÀǸGA, Ẹ̀YÌN ỌJÀ. Kí wọ́n wá kọ ìyókù sísàlẹ̀, ì báà jẹ́ ogójì ọ̀rọ̀. Bí àwa ará ìlú ṣe ń ṣe é náà nìyẹn láti ọjọ́ pípẹ́. Àwa la pe Mẹ́tọ́díìsì ní Elétò, tí a pe Bàtíìsì ní Onítẹ̀bọmi, tí a pe Kátólíìkì ní Àgùdà. Ìjọ Mímọ́ ti Kristi láti Ọ̀run Wá gùn lẹ́nu, a ní Sẹ̀lẹ́. Tẹ́ ẹ bá sọ fún ọlọ́kadà pé Sẹ̀lẹ́ lẹ̀ ń lọ, kí ló máa bi yín? "Sẹ̀lẹ́ ibo?" Àdúgbò ló ń béèrè. Láyà aṣọ náà, orúkọ àdúgbò ti tó, òwú mi á sì ṣẹ́kù.

Kí CAN, ẹgbẹ́ àwọn Kristẹni ní Nàìjíríà, náà ní ìwé tí wọ́n ń kọ orúkọ ìjọ sí. Ti gbohùngbohùn tó ń ké lóru, ó di ọjọ́ mìíràn.

Ẹ̀wù kan ṣì kù tí mi ò tíì rí, ti ọkùnrin fìrìgbọ̀n tó ń kọ ohùn ìsàlẹ̀. Lánàá ni ẹnìkan pè mí, ó ní àwọn ti rí i, kí n wá mú un ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ọjọ́rú lẹ́yìn ìsìn. Ó dárúkọ ṣọ́ọ̀ṣì ọ̀hún, ó sì gbé fóònù sílẹ̀ kí n tó ráyè bi í bóyá Àgbáyé wà níbẹ̀ àbí kò sí.

Èmi ni,
Ìyá aránṣọ,
Òkè-Baálẹ̀, Òṣogbo.