Lẹ́tà sí Bísọ́lá lórí irun rẹ̀ tó ń já

Chicago
Oṣù Kìíní

Bísọ́lá mi,

O kú òtútù Aberdeen o. Ọmọ tuntun ń kọ́? Láti ìgbà tí o ti sọ pé irun ń kún òòyà rẹ láràárọ̀ ni ọkàn mi kò ti balẹ̀.

Kọ́kọ́ mú díẹ̀ lára irun tó já yẹn, kí o wo ìdí rẹ̀ lábẹ́ iná mànàmáná. Bí o bá rí kókó funfun bíńtín, láti ìdí ló ti tú. 50 sí 100 irú rẹ̀ lójúmọ́ kò léwu. Bó bá tilẹ̀ pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, rántí pé oṣù Kẹwàá lo bímọ. Ní nǹkan bí oṣù mẹ́ta lẹ́yìn ìbímọ ni irun máa ń tú, yóò sì padà hù fúnra rẹ̀. Bí kò bá sí kókó, tí irun náà sì kúrú, ó kán ni. Èyí ni mò ń rí jù lórí àwọn tí mò ń dirun fún níbí, bí òtútù bá ti dé.

O ní ó dà bí ọyẹ́ ilé. Ó yàtọ̀ díẹ̀. Nígbà ọyẹ́, ìta ló gbẹ. Lọ́dọ̀ yín, òjò lè máa rọ̀ níta kí inú ilé gbẹ táútáú. Afẹ́fẹ́ tútù kì í gba omi púpọ̀ mọ́ra; bó bá wọlé tí hítà mú un gbóná, ara rẹ ni yóò ti máa fa omi. Irun tiwa tó ká kóńkó, òróró tí orí ń sun kì í rìn dé ṣóńṣó rẹ̀, ibẹ̀ ló sì ti ń kán. Fìlà onírun àgùntàn yẹn tún ń ha á. Rán aṣọ sátíìnì sí inú rẹ̀.

Òrí tí Màmá fi ránṣẹ́ dára, ṣùgbọ́n omi ni kó ṣáájú. Òrí kì í fún irun lómi, ó kàn ń sé e mọ́ ibẹ̀ ni. Wọ́n omi sí irun, fi àtẹ́lẹwọ́ yọ́ òrí, kí o wá fi pa ṣóńṣó rẹ̀ dáadáa. Má fi omi gbígbóná fọ orí. Bí ìpẹ́ olóròóró bá ń jábọ́, tí orí sì ń yún ọ, má fi òrí kan awọ orí rárá, torí ọ̀rá ni ohun tó ń fa ìpẹ́ náà ń jẹ. Béèrè ọṣẹ ìfọrun tó ní ketoconazole ní ilé oògùn.

Èyí tó ń kọ mí lóminú ni àtàrí rẹ tí o ní ó ń ta ọ́, tó sì ń fẹ́lẹ́. Bísọ́lá, òtútù kì í sọ àtàrí di pípá. Àrùn kan wà tó máa ń ti àtàrí àwa obìnrin dúdú bẹ̀rẹ̀, CCCA ni àwọn dókítà ń pè é. Ó ń ba ihò irun jẹ́, ibi tó bá sì ti di àpá kì í hù mọ́. Kò sí òróró tó ń wò ó. Lọ rí dókítà rẹ lọ́sẹ̀ yìí, ní kó fi ọ́ ránṣẹ́ sí dókítà awọ ara, kó sì yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ wò bóyá èròjà áyọ́ọ̀nù (iron) kò tó níbẹ̀. Má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni di irun tó le mọ́ ọ lórí kí wọ́n tó yẹ̀ ọ́ wò.

Dúró sẹ́bàá fèrèsé lọ́sàn-án, kí wọ́n bá ọ ya fọ́tò àtàrí náà, kí o fi ránṣẹ́ sí mi. Bá mi gbé ọmọ jó.

Èmi ni,
Fúnkẹ́