Ẹ má gbé UPS ńlá sórí eco mode lórí iná tiwa níbí

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ilé ìwòsàn, báńkì, ilé ẹ̀kọ́ gíga àti àwọn ọ́fíìsì tó wà ní Alágbàká níhìn-ín ní Àkúrẹ́ ń ra UPS ńlá (ẹ̀rọ tó ń fi bátìrì gbé iná ró bí iná ìjọba bá lọ), èyí tó tó 60 kVA sókè. Owó ńlá ló ń bá a lọ. Ohun tó ń dùn wá ni pé ẹni tó wá tan ẹ̀rọ náà lọ́jọ́ àkọ́kọ́ nìkan ló sábà máa ń mọ ètò tí òun gbé e sí. Àwọn tó ni ẹ̀rọ kì í béèrè.

Ètò méjì ló yẹ kí wọ́n béèrè nípa rẹ̀ ṣáájú. Èkíní ni online, tí àwọn kan ń pè ní double conversion. Rẹ́kítífáyà á sọ iná ìjọba di DC, ínfátà á tún un ṣe di AC tuntun, bátìrì á wà láàárín wọn. Bí iná bá lọ, lóòdù (àwọn ohun tó ń lo iná náà) kò ní mọ̀ rárá. Èkejì ni eco mode. Níbẹ̀, iná ìjọba á gba inú static bypass (ọ̀nà àbùjá inú UPS tí kò gba rẹ́kítífáyà àti ínfátà kọjá) lọ tààrà sára lóòdù, ínfátà á kàn máa ṣọ́ ọ. Bí iná bá yẹ̀, ínfátà á gba iṣẹ́ láàárín ìdá 2 sí 4 nínú 1000 ìṣẹ́jú àáyá kan.

Èrè eco mode kì í ṣe irọ́. Bí lóòdù bá jẹ́ 100 kW, tí online ń ṣiṣẹ́ ní ìdá 95 nínú 100, tí eco sì ń ṣiṣẹ́ ní ìdá 99, ìyàtọ̀ rẹ̀ lé ní 4 kW, ìyẹn nǹkan bíi 100 yúnìtì lójúmọ́. Ibi tí iná bá ti dúró ṣinṣin ni èrè yìí ti ń jẹ́ èrè. Tiwa lè wálẹ̀ sí 195 V nírọ̀lẹ́, kó sì ga ju 250 V lọ lóru. Eco mode sábà máa ń fẹ́ kí iná wà láàárín 207 sí 253 V. Nígbàkigbà tó bá jáde kúrò níbẹ̀, UPS á fò sórí ínfátà, á fọwọ́ kan bátìrì, á tún fò padà, bẹ́ẹ̀ ni yóò sì máa ṣe léraléra títí ilẹ̀ á fi mọ́. Lórí online ní tirẹ̀, rẹ́kítífáyà ọ̀pọ̀ UPS ńlá lè gba 195 V yẹn láìfọwọ́ kan bátìrì. Owó tí ẹ rò pé ẹ fi pamọ́ lórí mítà, bátìrì tuntun ni yóò gbé e lọ. Nígbà òjò, bí àrá bá sán, iná tó fò sókè lára wáyà á ti kan lóòdù kí UPS tó gbọ́. Ẹ pa eco mode. Bí ẹ bá wà lórí jẹnẹrétọ̀, ẹ má tilẹ̀ rò ó.

Lórí ọ̀rọ̀ jẹnẹrétọ̀: wáyà méjì kan wà tí wọn kì í sábà so, èyí tó ti ara changeover wá síbi tí wọ́n kọ generator on sí lára UPS. Òun ló ń sọ fún UPS pé kó dá gbígba agbára sínú bátìrì dúró tàbí kó dín in kù. Nínú ìlà bátìrì kan (àwọn bátìrì tí wọ́n so tẹ̀lé ara wọn), bátìrì 12 V 40 ló wọ́pọ̀. Bó bá jẹ́ 100 Ah, tó ń gba 10 A ní nǹkan bíi 544 V, 5.4 kW nìyẹn. Ìlà mẹ́rin ń lọ sí 22 kW, tó máa gun orí lóòdù gan-an nígbà tí jẹnẹrétọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹ tún ṣètò walk-in kí rẹ́kítífáyà máa gba iṣẹ́ díẹ̀díẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá 10 sí 30, kí UPS kejì sì dúró de èkíní.

Ẹ̀rọ mẹ́ta tí wọ́n so pọ̀, tí wọ́n ń pè ní N+1 (ọ̀kan lé lórí iye tí lóòdù nílò), náà ní ìṣòro tirẹ̀. Ká ní 100 kVA ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí lóòdù jẹ́ 160. Bí ọ̀kan bá kú, méjì tó kù á gbé 80 80, kò séwu. Ṣùgbọ́n wọ́n á fi sáfà (kọ̀ǹpútà ńlá) kún un, wọ́n á fi ẹ̀rọ X-ray kún un, lóòdù á di 220. Ọjọ́ tí ọ̀kan bá kú, 110 ló máa já lé ọ̀kọ̀ọ̀kan lórí. Wọ́n á fara dà á fúngbà díẹ̀, lẹ́yìn náà gbogbo lóòdù á bọ́ sórí bypass. Ẹ tan ìkìlọ̀ redundancy lost (pé kò sí ẹ̀rọ àfikún mọ́ bí ọ̀kan bá kú) lórí ẹ̀rọ, kí ẹ sì jẹ́ kí wáyà bypass àwọn ẹ̀rọ náà gùn bákan náà, torí èyí tó kúrú jù ni yóò gbé lóòdù jù.

Níkẹyìn, manual bypass, ìyẹn ọ̀nà àbùjá tí wọ́n ń fọwọ́ tan kí wọ́n lè tún UPS ṣe láìpa iná lóòdù. Ẹ kọ́kọ́ rí i pé iná bypass àti ti ínfátà ń lọ ní ìṣísẹ̀ kan náà. Ẹ gbé UPS sórí static bypass láti ojú rẹ̀, kí ẹ kà á lójú ẹ̀rọ pé lóòdù ti wà níbẹ̀. Ìgbà náà ni kí ẹ tó ti búrékà manual bypass (títì ni kí iná máa kọjá, ṣíṣí ni kí iná dúró), lẹ́yìn rẹ̀ ni kí ẹ ṣí búrékà output. Bí ínfátà bá ṣì ń ṣiṣẹ́ nígbà tí ẹ ti búrékà yẹn, iná méjì ti pàdé nìyẹn, ínfátà lè jóná. Bí ẹ bá ń padà, ẹ tan static bypass, ẹ ti output, kí ẹ tó ṣí manual bypass. Kí wọ́n lẹ ìlànà yìí mọ́ ilẹ̀kùn ẹ̀rọ ní Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì, torí pé ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lóru lè má jẹ́ ẹnjiníà.

Tiyín ni tòótọ́,
Àwọn oníṣẹ́ iná, Àkúrẹ́