Òdòdó oṣù Ẹrẹ̀nà kò ní kí ẹ gbé ata síta

Olóòtú wa,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn ọmọ Yorùbá tó ń dá ọgbà ẹ̀yìnkùlé nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó jẹ́ pé bí òdòdó daffodil bá ti yọjú báyìí, ọkọ́ ti dọ́wọ́ wọn. Ẹ rọra. Oúnjẹ tí daffodil ti kó pamọ́ sínú ilẹ̀ láti èṣí ló fi ń tanná nínú òtútù. Kò sọ bí ilẹ̀ ṣe gbóná tó. Koríko ni kí ẹ máa wò. Bí ooru ilẹ̀ bá ti tó bíi 6 ní ìwọ̀n Celsius, koríko á bẹ̀rẹ̀ sí í ga, èpò wẹ́wẹ́ á sì máa hù lórí ebè. Ìyẹn tó fún àlùbọ́sà eléwé àti spinach. Kò tó fún ata rodo, ká má tíì sọ ewédú.

Inú ilé ni ẹ ó ti gbin rodo, láti ìparí Èrèlé sí àárín Ẹrẹ̀nà. Kí kóró wọlẹ̀ ní ìdajì sẹ̀ǹtímítà, níbi tí ooru ti tó 25. Ó lè tó ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin kó tó hù. Ọ̀pọ̀ ń bú ẹni tó ta kóró fún wọn, nígbà tó jẹ́ ojú fèrèsé tó ń tutù lóru, àti omi àpọ̀jù, ló mú un jẹrà. Bí irúgbìn bá ga tẹ́ẹ́rẹ́, ìmọ́lẹ̀ ni kò tó.

Èèpo kóró ewédú le. Ẹ dì í sínú aṣọ, ẹ rì í bọ omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hó fún ìṣẹ́jú-àáyá 5 péré, kí ẹ sì sọ ọ́ sínú omi tútù lójú ẹsẹ̀. Bó bá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó jinná nìyẹn. Ìparí Èbìbí ni kí ẹ gbìn ín. Yàtọ̀ sí òtútù, ìgbà tí ọ̀sán bá kúrú ni ewédú máa ń yára tanná, nítorí náà èyí tí ẹ bá gbìn sójú fèrèsé ní Ẹrẹ̀nà lè máa so kó tó ní ewé tó kún ọwọ́.

Ìrì dídì ló ń pa púpọ̀ jù. Ní Lọ́ńdọ̀nù ó lè wá títí di ìparí Igbe; níbi púpọ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, títí di àárín Èbìbí; ti Scotland tún pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Alẹ́ tí ojú ọ̀run mọ́ kedere tí afẹ́fẹ́ kò fẹ́ ni kí ẹ bẹ̀rù, kì í ṣe alẹ́ òjò. Ewé tó bá kọlù á rí bí ẹ̀fọ́ tí wọ́n bọ̀ lómi gbígbóná, lẹ́yìn náà á dúdú.

Irúgbìn tòmátò tí wọ́n ń tà ní Igbe, inú ilé gíláàsì ló ti wá. Ẹ máa gbé e síta lọ́sàn-án, kí ẹ gbé e wọlé lálẹ́, fún ọjọ́ 7 sí 10, kí ara rẹ̀ lè le. Ẹ ki tẹmómítà bọlẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 10 láàárọ̀. Bó bá ń fi 15 hàn fún odindi ọ̀sẹ̀ kan, tí òru kò sì tutù ju 10 lọ, ata lè jáde.

Ìgbín tí kò ní ìkarahun náà ń jí lásìkò yìí, òru kan sì tó fún un láti jẹ irúgbìn tuntun tán. Ẹ fi tọ́ọ̀ṣì wá wọn lábẹ́ pákó àti létí ìkòkò bílẹ̀ bá ti ṣú. Ẹ má da iyọ̀ sí wọn lórí ebè o, ilẹ̀ yín ló máa bà jẹ́.

Èmi ni tiyín,
Ológbà kan ní Peckham, Lọ́ńdọ̀nù